Bí Mo Ṣe Ra Oorun ní Ahoro Ọjà Oníyọ̀

Ẹ̀yin ọmọ aráyé tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ọdẹ, ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọwọ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbọ̀n jù fún àtẹ́wọ́, etí tí ì bá sì gbọ́ ọ ti ń di. Nígbà tí mo wà lágbára, èmi Ọdẹ́yínká ọmọ Ọdẹ́gbàmí, bí mo bá wúkọ́ nínú igbó, ẹfọ̀n á yà kúrò lọ́nà kó tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Mo ti bá ẹkùn du àgbọ̀nrín rí, ẹkùn ló bẹ̀ mí. Ẹ má rò pé mò ń ṣe àṣejù. Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà á sọ pé mo dín in kù. Ṣùgbọ́n lónìí, láti orí àga yìí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìrìn àjò ni. Ìlú òkè ni mo wà, ìlú àpáta, níbi tí wọ́n ti lè bí ènìyàn, kí ó dàgbà, kí ó darúgbó, kí ó má gbọ́ ìró òkun rí. Mo ti pẹ́ níbí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń pè mí ní bàbá onílé. Èmi kì í ṣe onílé. Ọmọ Ìgbólómi ni mí, ìlú etí òkun, níbi tí yanrìn ti ń bá ènìyàn wọ inú ọbẹ̀, tí iyọ̀ ń bá a wọ inú àlá. Ìrìn àjò kan péré ni mo fẹ́ sọ. Ti erin tí mo pa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí erin náà sinmi. Ó ti rẹ èmi náà.

Àbúrò mi, Omíyalé, apẹja ni. Lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn mẹ́ta gbé ọkọ̀ sójú òkun. Àwọn mẹ́ta padà, òun kò padà. Wọ́n wá a títí, àwọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa, Fẹ̀hìntọlá, ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sórí yanrìn, ó kọjú sí omi. Kò sunkún. Kò sùn pẹ̀lú. Bí a bá ní kó wá sùn, á ní, "Bí mo bá sùn, tó bá wá dé ńkọ́? Ta ni yóò ju ọwọ́ sí i pé ibí ni ilé?" A gbé e wọlé tipátipá ní ọjọ́ keje, a tẹ́ ẹní fún un, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ẹja. Ìgbà tó yá, kì í ṣe pé kò fẹ́ sùn mọ́ o. Oorun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Àgbo tó mu tó kún ọkọ̀. Nígbà tó di ogójì ọjọ́, awọ ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì ń bá àwọn èèyàn tí a kò rí sọ̀rọ̀.

Aládùúgbò wa kan wà, Ìbídùn, obìnrin tó ń yan ẹja, ẹnu rẹ̀ mú ju ẹ̀gún ẹja lọ. Òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀.

"Ọdẹ́yínká, ìyá rẹ kò ní rí àádọ́ta ọjọ́."

"Kí ni kí n ṣe? Ẹran ni mo mọ̀ ọ́n pa. Oorun kì í ṣe ẹran."

"Wò ó! O mọ ilé ẹkùn, o mọ ilé ìmàdò, o kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta oorun? Ìyá ìyá mi ní kò sí ohun tí wọn kì í tà ní Ọjà Oníyọ̀ àtijọ́. Oorun wà níbẹ̀."

"Ọjà Oníyọ̀ ti di ahoro, Ìbídùn."

"Èyí tí ènìyàn ń ná ló di ahoro. Èyí tí àwọn tí kì í ṣe ènìyàn ń ná, ta ló sọ fún ọ pé ó ti tú? Àbí ẹ̀rù ló ń ba ọkọ ẹkùn?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjà náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi ló ti wà, ní ìrìn àárọ̀ kan sí ìlú wa, níbi tí ọ̀sà ti da ẹnu pọ̀ mọ́ òkun. Àwọn obìnrin a máa se omi òkun nínú ìkòkò títí yóò fi di iyọ̀. Àwọn ará òkè a ru iṣu, a ru aṣọ, a ru ọṣẹ dúdú wá. Wọ́n ní ariwo ọjà náà máa ń dé ilé wa bí ariwo oyin. Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Lọ́dún kan, ó jẹ ọ̀wọ́ ìsọ̀ kan. Àwọn obìnrin kó igbá wọn, wọ́n sún sẹ́yìn. Lọ́dún kejì, ó jẹ òmíràn. Wọ́n tún sún. Báyìí ni wọ́n ń sún títí ẹ̀yìn fi tán. Kò sí ogun, kò sí iná. Ọjọ́ ọjà kan pé, ilẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó lọ. Mo ti rí ikú erin, mo ti rí ikú ọba, ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe ń kú ló ń ya mí lẹ́nu jù: kì í pariwo, ẹsẹ̀ ló kàn ń dín lójú ọ̀nà.

N kò ní fi ìrìn náà dá yín lágara. Kí oòrùn tó gbóná, mo ti wọ inú igbó àbàtà tí gbòǹgbò igi rẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ayánu-Má-Padé. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó sanra, kò lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti etí kan dé èkejì.

"Ọdẹ, kú ìrìn," ló wí. "Ó rẹ̀ ọ́ o."

"Kò rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ ọ́. Wo èjìká rẹ bó ṣe rọ̀. Ta ló ń lé ọ?" Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó yán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ bí yíyán ti rí. Kò sí ẹni tó máa yán tí ẹni tó ń wò ó kò ní fẹ́ yán. Ẹni tó ń ka èyí lọ́wọ́ pàápàá, bóyá ó ti ń wá ọwọ́ tí yóò fi bo ẹnu. Àgbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀, tí mo rí ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ìbọn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń hanrun. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó bá bá a yán ló máa ń gbé mì. Kí ni mo ṣe? Mo ṣí fìlà lórí, mo rún un pọ̀, mo tì í bọ ẹnu. Fìlà tí kò rí omi fún ọdún mẹ́ta! Òógùn, ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà, ẹ̀tù ìbọn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó yán lẹ́ẹ̀kejì, omi bọ́ lójú mi. Ó yán lẹ́ẹ̀kẹta, etí mi dún "pá". Fìlà kò kúrò.

Ó wò mí títí. "Ọdẹ, fìlà lò ń jẹ?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dùn?"

Mo fi ọwọ́ ra ikùn, mo la ojú, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bu sí i. Ni ẹ̀rín bá pa á. Ẹnu kò lè máa rẹ́rìn-ín kó tún máa yán. Nígbà tó ń rẹ́rìn-ín tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń padé bí ti gbogbo ènìyàn, mo ti gba abẹ́ gbòǹgbò kọjá. Mo sáré. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọkọ ẹkùn, mo sáré. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń pa ìtàn.

Nígbà tí mo dé ahoro náà, kò sí ohun kan tó dẹ́rù bani níbẹ̀. Ohun tó jọ mí lójú nìyẹn. Òpó ìsọ̀ dúró nínú omi, ìṣáwùrú ti lẹ̀ mọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń se iyọ̀ pọ̀ lórí yanrìn bí ewé. Àwọn òkúta ìjókòó wà ní ìlà ní ìlà, ìdí àwọn obìnrin tí a kò mọ orúkọ wọn mọ́ ti jẹ àárín wọn di kòtò. Mo jókòó sórí ọ̀kan. Ó gbà mí bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Àárẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó wà lára mi wá bá mi níbẹ̀, kì í ṣe àárẹ̀ ìrìn. Àárẹ̀ ẹni tó jókòó sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti dìde ni.

"Ta ló ń jókòó sórí ìjókòó onílé?"

Ohun tí mo pè ní kùkùté ló sọ̀rọ̀. Ó dìde. Arúgbó ni, ìkarahun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń dún wàràwàrà bó ti ń mira. Oníbodè ọjà ni.

"Èmi ni, èmi Ọdẹ́yínká, ọmọ Ọdẹ́gbàmí, a-pa-ẹfọ̀n-má-"

"Dákẹ́. Oríkì kì í ra nǹkan níbí. Kí lo wá rà?"

"Oorun."

"Fún ara rẹ? Padà sílé."

"Fún ìyá mi ni, bàbá. Ó ti lo ogójì ọjọ́ lójú àìsùn."

Ìkarahun ara rẹ̀ dákẹ́. "Ti ìyá yàtọ̀," ló wí. "Dá mi lóhùn ẹ̀ẹ̀mejì, kí o wọlé. Kí ni a máa ń gbé lọ sọ́jà, tí ẹnì kan kì í rà á, tí a tún ń gbé e bọ̀ wálé, tí yóò sì ti dín?"

Mo rántí ìyá mi ní ọjọ́ ọjà, bó ṣe máa ń fi ọwọ́ pè wá nírọ̀lẹ́ torí pé ọ̀fun rẹ̀ ti há. "Ohùn ni, bàbá."

"Ta ló kọ́kọ́ dé ọjà, tí yóò sì gbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀?"

Mo wo omi tó ti jẹ ìlà ìsọ̀ mẹ́wàá. Ẹnu mi fẹ́ sọ pé ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀hún dà? "Òkun ni," ni mo wí.

Ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ilẹ̀ ni. Dúró kí òjìji rẹ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Fi ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀ ọ́, òkúta ló máa rí."

Nígbà tó di ọ̀sán gangan, mo fi ẹ̀yìn rìn láàárín òpó méjì. Ìgbésẹ̀ kan, n kò gbọ́ nǹkan. Ìgbésẹ̀ kejì, ìró bí ti oyin. Ìgbésẹ̀ kẹta, ariwo ọjà ya bò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà kún! Ẹnì kan ń ta òórùn òjò àkọ́rọ̀ nínú ìgò. Ẹnì kan tí apá rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà ń wọn ìrẹ̀lẹ̀ fún ọkùnrin kan tó dé adé, ọkùnrin náà ní ó ti pọ̀ jù. Arábìnrin kan pàtẹ orúkọ tí àwọn òbí fẹ́ sọ ọmọ tí wọn kò bí. N kò dúró. Ọdẹ tó bá ń wo gbogbo ìràwé kì í rí ẹran.

Ẹni tó ń ta oorun wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn débi pé ó ká wọn lé èjìká bí ìborùn, Ìyá Onípéǹpéjú ni gbogbo ọjà sì ń pè é. Ahá àti kèǹgbè yí i ká.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọgbá o."

"Àṣẹ. Wo ọjà, má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí oorun ọ̀sán ni, ó dùn, kì í pẹ́. Èyí oorun ọmọ tuntun, tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí a kò rí. Èyí oorun ọdẹ, ojú kan á sùn, èkejì á máa ṣọ́nà. Ìwọ náà ti ní in."

"Ti inú kèǹgbè yẹn ńkọ́?"

"Oorun ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́ ni. A ó máa sùn ún lálaalẹ́, kì í tán."

"Òun ni mo fẹ́. Kí lẹ óò gbà?"

"Ojú tí o fi ń wo ẹran."

"Háà, ìyá! Ọdẹ tí kò ríran, kí ni yóò máa pa, ìdun?"

"Ìwọ náà ná an."

"Mo fi eékánná mi ná an."

Aláàtẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, eékánná! Ọmọ ahun ló wá ná wa lónìí."

"Etí rẹ," ni Ìyá Onípéǹpéjú wí.

"Kò gbà."

"Ọ̀nà ilé rẹ, ńjẹ́. Ilé á wà, ìwọ á wà, ẹ kò ní pàdé. Láti ìgbà tí o bá ti kúrò níwájú mi."

"Fún ìgbà wo?"

"Títí."

"Ọjọ́ méje."

"Lọ fi ọjọ́ méje ra gúgúrú. Ogún ọdún."

"Oṣù mẹ́ta. Ìyá mi ni mò ń rà á fún, ẹ wojú abiyamọ."

"Abiyamọ wo ni wọn kò tíì fi bẹ̀ mí? Ọdún márùn-ún."

"Ọdún kan. Bí kò bá gbà, mo ń lọ." Mo wá ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi: mo kẹ̀yìn sí i, mo gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ti rí i níbòmíràn.

"Padà wá," ló wí. "Ó gbà." Ó gbé kèǹgbè náà lé mi lọ́wọ́.

Orí mi wú. Láti títí dé ọdún kan! Ta ló tún ná ọjà tó bẹ́ẹ̀ rí? Ọdẹ a máa pẹ́ tó ọdún kan nínú igbó, kí ìyàwó rẹ̀ má tilẹ̀ bi í. Ká ní mo jẹ́ kó parí síbẹ̀, ilé ni ǹ bá ti kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó ra ẹ̀wà rí, tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, tí kò dúró kí wọ́n bu ènì sí i? Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó kúrò nídìí igbá láìgba ènì, ó tijú ju ebi lọ. Mo na kèǹgbè náà padà sí i, mo ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ó ku ènì o!"

Ìyá Onípéǹpéjú fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀.

"Ìwọ lo béèrè o. N kò fi lọ̀ ọ́." Ó fi ìka méjì mú bíńtín nínú ahá kan, ó fi sí kèǹgbè mi. "Mo ti bu ènì sórí ọjà. Níbí, bí a bá bu ènì sórí ọjà, a ó bu ènì sórí ohun tí a fi rà á pẹ̀lú. Ọdún kan, àti ènì."

"Báwo ni ènì náà ṣe pọ̀ tó?"

"Ènì kì í ní iye. Bó bá ní iye, ọjà ni."

"Ẹ gba tiyín padà, ìyá, mo bẹ̀ yín."

"Níbo lo ti rí i tí wọ́n ń dá ènì padà?"

Mo wojú àwọn aláàtẹ. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti ń to ọjà rẹ̀, kò fẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Òjìji mi ti ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ọjà náà ṣe ṣá lọ nìyẹn, bí èéfín. Òkúta ló kù, àti èmi, àti kèǹgbè tó gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Mo gba ọ̀nà mìíràn padà. Odò kékeré kan pààlà ìlú wa, omi rẹ̀ kò ju kókósẹ̀ lọ. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. N kò mọ ìgbà tí mo yí padà, mo kàn rí i pé òkun tó wà níwájú mi ti wà lẹ́yìn. Mo tún un ṣe. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni Ìbídùn yọ, ó ń wá igi ẹja yíyan.

"Kí lò ń jó lójú omi, Ọdẹ́yínká?"

"Má bi mí. Gba kèǹgbè yìí, da ohun inú rẹ̀ sí ìyá mi lẹ́nu. Sáré!"

Ó wo ojú mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó gbà á, ó sáré. Mo gun igi àgbọn tó wà ní bèbè níhà tèmi, mo rí etí òkun látòkèèrè. Mo rí ìyá mi lórí àpótí, ó kéré bí ẹyẹ. Mo rí Ìbídùn tó kúnlẹ̀ tì í. Orí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí yanrìn bí ọmọ. Ìbídùn tú ìró rẹ̀, ó fi bò ó. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá. Lórí àgbọn ni mo ti sunkún, mo sì dúpẹ́.

Ìlú òkè yìí ni mo lọ ń gbé. Ọdún kan pé, mo padà wá síbi odò náà. Ẹsẹ̀ mi yí padà. Mo ní ó dára, ènì ni, ènì kì í pọ̀. Mo dúró di ẹ̀rùn kejì. Ó yí padà. Lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé orúnkún ìyá mi ti kọ ìrìn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gba ojú òkun bọ̀ kí n lè rí i. Ọkọ̀ náà yí padà bí ẹsẹ̀ mi ti ń yí padà. Ibi tí ìyá mi bá wà gan-an ni wọ́n kà sí ilé mi. Ìbídùn ló ń wá sí bèbè lọ́dọọdún, a ó jókòó, omi á wà láàárín wa. "Ó ń sùn," ni yóò wí. "Alaalẹ́. Ó ń hanrun bí ọkùnrin." A ó rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni a fi rẹ́rìn-ín báyìí.

Ní ẹ̀rùn kejìlá, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, ẹsẹ̀ sì kọjá. Mo gbé èkejì, òun náà kọjá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo! "Ènì ti tán! Ìbídùn, ènì ti tán!" Èmi àgbàlagbà, mo ń fò lórí yanrìn ìlú mi bí ewúrẹ́. Ìbídùn ń bọ̀ láti iwájú, ó ti darúgbó, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Kò bá mi fò.

"Ọjọ́ wo?" ni mo béèrè, nígbà tí mo rí ojú rẹ̀.

"Ìjẹta. Ojú oorun ló wà. A ti sin ín lánàá."

Ó dì mí lápá mú.

"Ó ní kí n kí ọ fún oorun náà," ló wí. "Ó ní ó dára, ó pé. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé nígbà tí òun kò sùn, ọmọ kan ṣoṣo ni òun ń retí; nígbà tí òun ń sùn, wọ́n di méjì."

Mo lọ wo ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo sùn mọ́jú ní ìlú náà, mo sì padà sí òkè, torí pé n kò mọ ohun tí mo tún fẹ́ fi ojú ọ̀nà náà ṣe. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ọ̀rọ̀ dé nìyí. Ẹ̀yin tí ẹnì kan ń retí yín nílé, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Ilẹ̀ kò tíì ṣú.